Ẹyẹ Tí Alhaji Sufyan Fún Ní Nótíìsì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa ka bí ẹni ńlá ṣe ń ga sí i, ẹ wá ìwé mìíràn kà o. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìgbà tó ń já bọ̀ ló dùn ún wò.

Alhaji Sufyan lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní dá yín lóhùn. "Alhaji Dókítà Sufyan, Olùdarí Àgbà Pátápátá, Àjọ Ìwòran Ẹyẹ àti Ẹranko Igbó" ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Orúkọ náà gùn débi pé ilẹ̀kùn kò gbà á. Káfíńtà ní láti kan pákó kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí "Igbó" lè ríbi dúró sí. Ní ti Dókítà yẹn, yunifásítì kan ló fi dá a lọ́lá, èmi kò sì tíì pàdé ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Kí ìjọba tó mọ̀ pé ẹyẹ wà ní Ìlọrin rárá, àwọn mẹ́ta kan ti ń wò wọ́n ní tiwọn. Màmá Ìbídùn làgbà wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó kọ́lé sí àdúgbò Adéwọlé. Èkejì ni Husseinat, nọ́ọ̀sì, ọmọ ilé alfa kan láàárín ìlú. Ẹ̀kẹta ni Olúwọlé tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Post Office. Láàárọ̀ Sátidé, bí Husseinat bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á pàdé létí àbàtà kan lẹ́yìn Adéwọlé, wọ́n á jókòó sórí òkúta, wọ́n á gbé awò olójú méjì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sójú. Wọ́n á máa wo lékeléke, wọ́n á máa wo ẹ̀gà, wọ́n á máa wo awọ́nríwọ́n tó bá jáde wá yá oòrùn. Bí ẹnì kan bá rí nǹkan, àgbọ̀n ni yóò fi júwe rẹ̀ fún àwọn yòókù, kò ní nàka, kò ní gbóhùn sókè. Wọn kò yan alága, wọn kò yan akápò. Ìgbádùn wọn nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ohun tí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan kò ní pẹ́ dá àjọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe olórí. Alhaji Sufyan ni wọ́n mú. Títí di ọjọ́ náà, ẹyẹ tí ó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n bá fi ata dín lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ikùn tó dúró dáadáa lábẹ́ agbádá, ó ní ohùn tó ń ti inú ikùn náà wá, ìyẹn náà sì ti tó fún àwọn tó yàn án.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ olórí, ó bọ́ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ agbádá sẹ́yìn, ó ní:

"Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run Allah ti dá ẹyẹ, ta ló bojú wo ẹyẹ? Kò sí! Àwọn ẹyẹ ti jìyà nílẹ̀ yìí! Wọ́n ti ń fò láìsí ètò! Wọ́n ti ń bà síbi tó wù wọ́n láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Mo wá kéde fún gbogbo ayé lónìí pé ó ti tó! Láti òní lọ, fífò ti ní olórí!"

"Olórí fífò!" ni Haneef kígbe.

Haneef yìí ni akọ̀wé rẹ̀. Òun ló ń gbé awò rẹ̀, òun ló ń gbé àga rẹ̀, òun náà ló sì máa ń rẹ́rìn-ín sí àpárá Alhaji kí Alhaji tó dá a tán. Bí Alhaji bá sín, Haneef á ní sísín àwọn ọlọ́lá nìyẹn. Alhaji gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé ni Haneef máa ń sọ.

Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ sí àbàtà, wọ́n gbé kánópì lọ, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sórí koríko, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ kí fáànù lè máa fẹ́ sí Alhaji lára. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lé gbogbo ẹyẹ lọ. Alhaji sì jókòó, ó ń retí wọn pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí àlejò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ìgbà tí epo tán tí ariwo dákẹ́ ni ẹyẹ kan rọra yọ láti inú koríko. Màmá Ìbídùn, tí Alhaji ti fi tipátipá sọ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì di ọmọ ìgbìmọ̀, fi àgbọ̀n júwe rẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ rí ẹyẹ yẹn?" Alhaji bèèrè.

"Èmi ni, Alhaji," ni màmá dá a lóhùn, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko yẹn. Ó mà dára o."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹyẹ tó wà lábẹ́ àjọ mi. Lójú mi."

"Alhaji, ẹyẹ tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni."

"Ó kọjá níwájú ẹni tí kò ní ipò kan, kí ó tó kọjá níwájú mi! Haneef, ṣé ètò wà nínú ìyẹn?"

"Wallahi, Alhaji, ìwọ̀sí gbáà ni," Haneef wí. "Ẹyẹ ọ̀hún kò tilẹ̀ kí yín."

Ọ̀rọ̀ náà dun Alhaji wọra. Kò lè jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, ó gbé àṣẹ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì kọ́ ọ sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń kọ́ kéwú. Àṣẹ náà ni pé nígbàkígbà tí ẹyẹ tàbí ẹranko bá yọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, kí Olùdarí Àgbà Pátápátá lè kọ́kọ́ rí i. Bó bá rí i tán, yóò wí pé, "Mo ti rí i." Ìgbà náà ni àwọn tó kù yóò tó yíjú padà, wọn yóò sì wí pé, "Ẹ ti bá wa rí i, Alhaji."

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi mí pé báwo lẹni tó kọ ẹ̀yìn sí ẹyẹ ṣe máa mọ irú ẹyẹ tí í ṣe, àti pé ìgbà tí Alhaji bá rí i tán, ẹyẹ wo ló tún máa dúró de àwọn yòókù. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ náà, ẹ láyè láti ronú.

Màmá Ìbídùn àti àwọn méjì rẹ̀ kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó awò wọn, wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò kan lódìkejì omi, níbi tí oòrùn ti ń ta sí wọn lójú. Ní tòótọ́, ó dùn wọ́n pé wọ́n gba ibi ìjókòó wọn lọ́wọ́ wọn, torí kò sí ibòmíràn tí èèyàn ti lè rí àbàtà náà tán pátá. Ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Alhaji ní tirẹ̀ ń rí ẹyẹ lọ. Ohun gbogbo tó bá funfun, ó ní ẹyẹ òkè òkun ni. Ohun gbogbo tó bá dúdú, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo èèyàn ti kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, ta ni yóò jiyàn? Lọ́jọ́ kan tó ń dánrawò fún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lórí rédíò, àwọn ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn lórí igi. Ó ní wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ òun. Ó pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lu agolo títí àwọn ẹyẹ náà fi kó lọ tán, ó sì sọ lórí rédíò lọ́jọ́ kejì pé inú òun dùn sí ọ̀wọ̀ tí àwọn ẹ̀gà fi hàn, bí wọ́n ṣe dìde kúrò nílẹ̀ nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí èyí. Alhaji ń rìn létí omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo òṣìṣẹ́ ti kọ ẹ̀yìn, bàtà rẹ̀ bọ́, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún. Ó ké, "Yéè!" Haneef yíjú padà láti wo ohun tó ṣe ọ̀gá rẹ̀.

"Haneef! Ta ló ní kí o yíjú padà?"

"Ẹ ké ni, Alhaji. Àyà mi já."

"Ṣé mo ní 'Mo ti rí i' ni?"

"Rárá, Alhaji. 'Yéè' lẹ ní."

"Ṣé 'Yéè' wà nínú àṣẹ?"

"Astagfirullah! Kò sí níbẹ̀, Alhaji."

Alhaji fún un ní ìwé kúẹ́rì, pé kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní lé e dànù. Haneef dọ̀bálẹ̀ títí agbádá rẹ̀ fi dọ̀tí. Wọ́n wá fi kún àṣẹ náà pé ohunkóhun tí èèyàn ìbáà gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe igbe, ìbáà ṣe ẹ̀bẹ̀, ìbáà ṣe pé Alhaji fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yíjú padà, wọn kò gbọ́dọ̀ mira àfi bí wọ́n bá gbọ́ "Mo ti rí i." Alhaji ní òun lè máa dán wọn wò. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń kígbe lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lásán, láti mọ ẹni tó jẹ́ olóòótọ́. Kò sí ẹni tó tún yíjú padà mọ́.

Nígbà tó ṣe, ipò kọmíṣánnà kan ṣófo. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ò tíì rí ibi tí ìfẹ́ ipò ti ń da àgbàlagbà láàmú! Alhaji kò sùn dáadáa mọ́. Ó ń dúró síwájú dígí, ó ń jókòó bíi kọmíṣánnà, ó ń dìde bíi kọmíṣánnà. Ó pàṣẹ fún Hidayat ìyàwó rẹ̀ kó máa pe òun ní "Ọlọ́lá Jùlọ" bó bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Obìnrin náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín pa á, ó gbé abọ́ náà padà sí kíṣìnnì kó lè rí ibi rẹ́rìn-ín sí.

Hajia Huda, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn Gómìnà, ló fẹ́ wá wo iṣẹ́ Alhaji fúnra rẹ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dárúkọ rẹ̀ fún Gómìnà, ó parí. Bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, Alhaji yóò kú sórí ẹyẹ. Ohun tó gbà á lọ́kàn láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, yanrìn kan ti yọ létí àbàtà náà. Alhaji ní orí yanrìn yẹn gan-an ni òun yóò ti sọ̀rọ̀, torí pé oòrùn yóò máa tàn sí òun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló sì dùn ún wò jù lójú fóònù. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Màmá Ìbídùn àti Husseinat rìn yí omi ká wá bá a.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o," ni màmá wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹyẹ kan ti yé ẹyin sórí yanrìn yìí. Ẹyẹ etí omi, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, olórí dúdú un nì. Kì í kọ́ ìtẹ́, ilẹ̀ lásán ló ń yé e sí. Bí ẹ bá lè sún kánópì díẹ̀ sọ́hùn-ún."

"Kí n sún? Kí èmi sún fún ẹyẹ?"

"Kò tóbi ju ẹyẹlé lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ní ẹyin, oníjàgídíjàgan ni," Husseinat wí. "Ó ní nǹkan ṣóńṣó kan létí apá méjèèjì, òun ló fi ń lé màlúù gan-an. Wallahi, mo ti fojú ara mi rí i."

"Ta ló fún un nílẹ̀? Ṣé ó ní ìwé ilẹ̀ ni? Haneef, ẹ fún ẹyẹ yẹn ní nótíìsì!"

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Wọ́n gé pákó, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àmì ńlá sí i bí wọ́n ti ń yà á sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "KÚRÒ LÓRÍ ILẸ̀ ÌJỌBA LÁÀÁRÍN ỌJỌ́ MÉJE." Wọ́n rì í sínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin náà. Ẹyẹ náà fò yí i ká, ó bà lé orí pákó, ó wo Haneef lójú, ó sì yàgbẹ́ sórí ọ̀rọ̀ "ìjọba". Haneef padà lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹyẹ ti gba nótíìsì, ó sì ti buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga, wọ́n ta kánópì, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ tí wọ́n ya àwòrán ojú Alhaji sí láyà. Alhaji wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó dé fìlà gogoro. Àwọn mẹ́ta ọjọ́sí wà lábẹ́ dóńgóyárò wọn lódìkejì omi. Haneef kan fóònù mọ́ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kọjú rẹ̀ sí orí yanrìn, ó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn tààrà lórí Facebook àjọ náà, kí ará ilé àti ará oko lè rí ọjọ́ ayọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Hajia Huda nìkan ni kò tíì dé. Ó tẹ̀ wọ́n láago pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá òun dúró ní Post Office, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa bá a lọ, pé òun ti ń wò ó lórí fóònù nínú mọ́tò.

Ìyẹn tún wú Alhaji lórí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó nótíìsì, bàtà rẹ̀ kò jìnnà sí ẹyin rárá, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí fóònù.

"Hajia Huda, ìyá rere! Ẹ̀yin ará Kwara! Lónìí, ẹyẹ ń bẹ̀rù wa, ẹranko ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu! Kò sí ohun tó ní ìyẹ́ nílẹ̀ yìí tí kò mọ orúkọ mi! Bí mo bá ní kó bà, yóò bà! Bí mo bá ní kó dìde..."

Ibẹ̀ ló dé tí nǹkan kan ti han gooro lókè orí rẹ̀. Ẹyẹ náà ti dé.

"Ẹyẹ yọ!" Alhaji kígbe, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé àlùbáríkà ni.

"Ẹ kọ ẹ̀yìn!" Haneef pàṣẹ. Gbogbo òṣìṣẹ́ yíra padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà títì.

Alhaji kò tètè wí pé òun ti rí i. Ó fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀, kí Hajia rí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dúró de ẹnu òun. Ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó gbójú sókè. Ẹyẹ náà ká apá kò, ó já bọ̀ láti òkè wá síbi ojú náà gan-an, ó ku díẹ̀ kó kàn án nímú kó tó yà lọ.

"Yéè!"

Kò sí ẹni tó mira.

Ẹyẹ náà tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí, fìlà gogoro ló gbá, fìlà sì bọ́ sómi. Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Haneef! Ẹ gbà mí! Ẹ gbà mí o!"

"Ó ń dán wa wò," ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹni tó bá yíjú padà, kúẹ́rì ni," Haneef wí. Ó ti ilẹ̀kùn ojú rẹ̀ méjèèjì pa.

"Mo ní kí ẹ yíjú padà! Àṣẹ ni mo pa! Subuhanallahi, ẹyẹ yìí fẹ́ pa mí!"

"Ẹ má dá a lóhùn, kò sí nínú ohun tó yẹ kó sọ."

Alhaji, ọkùnrin tó fúnra rẹ̀ ṣe òfin náà, kò rántí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ìbá gbà á là. Ó ń wí pé, "Mo ti... mo ti..." ẹyẹ kejì, ọkọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀, sì ti apá kejì dé, wọ́n dá a dúró láàárín. Ó sá. Agbádá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó gba inú omi lọ, ẹrẹ̀ gbé e dé ìbàdí, agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run sì léfòó yí i ká. Ibẹ̀ ló dúró sí tó ń sunkún. Gbogbo ọkùnrin àti obìnrin tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ sì dúró gbọnin, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wo títì.

Ṣùgbọ́n ta ló ka àṣẹ fún fóònù? Fóònù kò kọ ẹ̀yìn. Ó ń wo Alhaji láìṣẹ́jú, ó sì ń gbé e lọ sí ọjà Ipata, sí Adéwọlé, sí ilé ìjọba, sí ọ̀dọ̀ ọmọ Ìlọrin tó wà lókè òkun. Àwọn tó wà níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o nìkan ni kò rí i.

Àárín èyí ni mọ́tò Hajia Huda dé. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n tò lọ rẹrẹ, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àbàtà, ó sì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ké lẹ́yìn wọn.

"Haneef, kí lẹ ń ṣe?"

"A ń wo ẹyẹ, Hajia," Haneef dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Ẹyẹ wo?"

"A ò tíì mọ̀, Hajia. Alhaji kò tíì rí i."

Hajia wò ó títí. Olúwọlé ló ti òdìkejì gba inú omi kọjá, òun ló fa Alhaji jáde. Màmá Ìbídùn ní kí wọ́n ṣáà mú un kúrò nítòsí ẹyin. Bí wọ́n ti mú un rìn jìnnà díẹ̀, àwọn ẹyẹ náà dákẹ́, wọ́n padà sórí ẹyin wọn. Husseinat yẹ orí rẹ̀ wò, kò rí ju ojú ibi kékeré kan tó bó lọ. Ó ní kó lọ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Hajia ti wọ mọ́tò nígbà náà, ó ti ń lọ.

Ẹni tó bá ní ìtìjú, ilé ni ìbá jókòó sí. Alhaji pe àwọn oníròyìn. Ó jókòó síwájú wọn, ó lẹ báńdéèjì ńlá mọ́rí, ó ní ìwádìí òun fi hàn pé ẹyẹ náà kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, àwọn tó ń du ipò kọmíṣánnà mọ́ òun lọ́wọ́ ló rán an wá. Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti mọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Ó tún lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti fẹjọ́ ẹyẹ sùn. Ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà kò rẹ́rìn-ín, mo gbóríyìn fún un. Ó ní, "Orúkọ afurasí?" Alhaji ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kò sóhun tó ní ìyẹ́ tí kò mọ orúkọ yín. Ẹ̀yin ò wá mọ orúkọ tiẹ̀?"

Ìlú kò sì ṣàánú rẹ̀. Ní Ipata, bí àwọn tó ń já iṣu bá pe ẹnì kan kó wá gbé ẹrù, yóò kọ ẹ̀yìn sí wọn, yóò ní òun kò tíì gbọ́ "Mo ti rí i." Bí ìyàwó bá ń pe ọkọ rẹ̀ kó wá tún pọ́ǹpù ṣe, ẹ̀yìn ni yóò rí. Èmi náà ṣe é nílé mi lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará ilé mi sì fi oúnjẹ jẹ mí níyà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kéde kọmíṣánnà, Alhaji wọṣọ jókòó síwájú rédíò. Ó ṣì ní ìrètí, ẹ gbọ́ o! Ó ní Gómìnà lè má wo Facebook. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n pè. Kí ó tó mí kanlẹ̀, wọ́n fi kún un pé àjọ Ìwòran Ẹyẹ àti Ẹranko Igbó ti parí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ó dun Alhaji bí ẹni tí wọ́n jí ilé rẹ̀ gbé, ó sunkún gidi, Hidayat sì pa rédíò. Ó pe Haneef lórí fóònù kó wá bá òun kẹ́dùn. Haneef kò gbé e. Ó ti wà lọ́dọ̀ kọmíṣánnà tuntun láti àárọ̀, ó ń bá a gbé àga.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Alhaji dá nìkan lọ sí àbàtà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ẹyin yẹn. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tó dé orí yanrìn, kò bá ẹyin, èèpo ló bá. Àwọn ọmọ ti jáde, wọ́n ti ń sáré kiri inú koríko níwájú ìyá wọn. Wọ́n kéré, wọ́n jọ owú, ẹsẹ̀ wọn sì gùn jù wọ́n lọ.

Bó ti gbójú sókè, ó rí Màmá Ìbídùn àti Husseinat àti Olúwọlé. Wọ́n ti padà sórí òkúta wọn, wọ́n gbé awò sójú, gbogbo awò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọjú sí i gbọnrangandan. Inú Alhaji rọ̀ díẹ̀. Ó rò ó pé ó ku àwọn kan tó ṣì ń wo òun. Ó ju ọ̀pá nù, ó tún agbádá ṣe, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó wúkọ́. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ: yóò dárí jì wọ́n, yóò sì ṣe ìlérí fún wọn pé òun ṣì ń padà bọ̀.

Husseinat sọ awò rẹ̀ kalẹ̀.

"Alhaji, ẹ kú àárọ̀ o," ó rọra wí. "Ẹ dákun, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí wa lójú."

Alhaji la ẹnu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò bá a bínú. Ó bá sún.